Tákàdá, Owó Ẹyọ àti Voltaire: Ìtàn Ayé Láti Ẹnu Ọ̀nà Ìlaròó

Nígbà ìsinmi ọdún tó kọjá, mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama kan ní ẹ̀kọ́ àfikún nírọ̀lẹ́ ní Ìlaròó. Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi. Lọ́jọ́ kan, ẹni tó ń kọ́ wọn ní Ìtàn kò wá, ni ẹni tó ni ibẹ̀ bá ti ìwé pẹlẹbẹ kan sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n kà á fún wọn kí ariwo wọn lè rọlẹ̀. Ìtàn ayé ni. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Mesopotámíà, ó yà ní Íjíbítì, ó sáré gba Gíríìsì àti Róòmù kọjá, ó fo ẹgbẹ̀rún ọdún bí ẹni fo gọ́tà, ó pàdé Gutenberg, Columbus àti Luther, ó sì gúnlẹ̀ sílé Voltaire. Mo kà á tán. Ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó sẹ́yìn, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, nawọ́ sókè.

"Àǹtí, ní gbogbo ìgbà yẹn, àwa ńkọ́? Ibo la wà?"

Mo ní a ó dé ibẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Irọ́ ni mo pa. N kò mọ ìdáhùn kankan. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ wa ṣe jẹ́: nígbà tí a ṣì wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní sáà ẹ̀kọ́ 2009 sí 2010, ìjọba yọ Ìtàn kúrò nínú ètò ẹ̀kọ́. Wọ́n ti ní àwọn dá a padà báyìí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tiwa ti lọ nígbà náà. Ohun tí mo mọ̀ ni èyí tí ẹ̀ka wa kọ́ mi: ìró, ìhun, ọ̀rọ̀ àyálò. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àyálò ni mo fi wá ìdáhùn kiri, ìdáhùn ọ̀hún ló sì di àpilẹ̀kọ yìí. Ẹ̀yin ọmọ ọdún kìíní tí ẹ ń bẹ̀rù ìdánwò ìtàn ọ̀làjú, ẹ lè fi kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ kàn má dà á kọ sínú ìwé ìdánwò yín bó ṣe wà, torí àwọn olùkọ́ wa náà ń ka ibí.

Gbèsè ló bí ìwé kíkọ

Ìwé ìtàn máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Súmà, ní gúúsù ilẹ̀ tí a ń pè ní Ìráàkì lónìí, wọ́n sì jàre. Ní nǹkan bí ọdún 3200 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn ará ìlú Uruk ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ àmì sára amọ̀ tútù. Kí ni wọ́n ń kọ? Ẹni tó bá rò pé orin tàbí àdúrà ni, ó ṣì í. Iye ọkà, iye àgùntàn, iye ọtí tí wọ́n pín fún àwọn òṣìṣẹ́ ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tó pẹ́ jù. Ẹ rántí ìwé àjákọ tí ìyá oníworobo ẹ̀gbẹ́ họ́sítẹ́ẹ̀lì wa máa ń so mọ́ ìṣó, èyí tí orúkọ gbogbo wa wà nínú rẹ̀. Irú rẹ̀ ni ìwé àkọ́kọ́ láyé.

Àwọn ará Íjíbítì náà ń fi àwòrán kọ̀wé ní àsìkò kan náà. Nígbà tí wọ́n fi máa kọ́ òkè òkúta ńlá ti ọba Khufu sí Giza, ní nǹkan bí 2560 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn akọ̀wé ti di ẹni ńlá láàfin. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ mọ irú ìwé kíkọ bẹ́ẹ̀ yóò kọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún àmì. Àwọn ará Fòníṣíà, oníṣòwò orí omi, ni wọ́n dín in kù. Lẹ́tà méjìlélógún péré ni wọ́n ń lò, kọ́ńsónáǹtì sì ni gbogbo wọn. Nígbà tó di ọ̀rúndún kẹjọ ṣáájú ìbí Jésù, àwọn Gíríìkì ti yá a. Wọ́n rí i pé àwọn lẹ́tà kan wà nínú rẹ̀ tí ìró wọn kò sí ní èdè tiwọn, wọ́n sì sọ wọ́n di fáwẹ̀lì. Bẹ́ẹ̀ ni 'aleph, tó jẹ́ kọ́ńsónáǹtì ọ̀nà ọ̀fun, ṣe di alpha, tó di A wa yìí.

Ní tèmi, ohun tó ga jù tí àwọn Gíríìkì ṣe fún aráyé nìyẹn, ó ju ìdájọ́ Socrates lọ, ẹni tí wọ́n ní kó mu májèlé ní Athens ní ọdún 399 ṣáájú ìbí Jésù. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ẹ̀ka ìmọ̀ ọgbọ́n-orí yóò bá mi jà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbìyànjú láti fi kọ́ńsónáǹtì nìkan kọ "ọkọ́", "ọkọ̀" àti "ọkọ", kí wọ́n wá bá mi.

Róòmù gba lẹ́tà náà, ó tàn án ká, ìjọba rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn sì ṣubú ní ọdún 476. Ìyẹn tó ná. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ilẹ̀ wa ṣófo ní gbogbo ìgbà yìí, ẹ rántí pé ní gúúsù Kàdúná àti ní àyíká Jos, àwọn ará Nok ti ń fi amọ̀ mọ orí ènìyàn, wọ́n sì ti ń yọ́ irin láàárín ẹgbẹ̀rún ọdún tó kẹ́yìn ṣáájú ìbí Jésù. Wọn kò kọ ìwé gbèsè sílẹ̀ ni.

Tákàdá àti káàdì

Ìyá mi àgbà, ọmọ Ayétòrò, kì í pe bébà ní bébà. Tákàdá ló ń pè é. "Bá mi fi tákàdá wé e." Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, n kò bi ara mi rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ìgbà tí mo wá a dé ìdí, ó rẹ́rìn-ín sí mi.

Ní ẹ̀bá odò Náílì ni koríko kan ń hù tí wọ́n ń pè ní papyrus. Àwọn ará Íjíbítì a là á pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, wọ́n a tò ó bí ẹní, wọ́n a lù ú pọ̀, wọ́n a fi kọ̀wé. Àwọn Gíríìkì tó ń rà á lọ́wọ́ wọn pe abala rẹ̀ ní khartēs. Láti ẹnu Gíríìkì, ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí èdè Lárúbáwá, ó di qirṭās. Ó sọdá aṣálẹ̀ Sàhárà pẹ̀lú àwọn ràkúnmí, ó di takarda lẹ́nu Haúsá. Ta- tó yọ níwájú rẹ̀ yẹn jọ ti àwọn Túárẹ́gì, àwọn tó ni ọ̀nà aṣálẹ̀, tí wọ́n máa ń fi irú mọ́fíímù bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ tó jẹ́ abo. Láti ọ̀dọ̀ Haúsá ló ti dé ọ̀dọ̀ wa, ó di tákàdá.

Ẹ dúró ná, kò tíì parí. Khartēs kan náà yà sí ọ̀nà kejì. Àwọn ará Róòmù gbà á, wọ́n pè é ní charta. Òun ló wà nínú orúkọ Magna Carta, ìwé àdéhùn tí àwọn ìjòyè fi mú ọba John ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1215. Faransé sọ ọ́ di carte, Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di card, àwa náà gbà á lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, a pè é ní káàdì. Nítorí náà, bí ìyá kan bá jókòó sọ́jà Ìlaròó, tó ń ta káàdì fóònù, tó sì fi tákàdá wé e fún oníbàárà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì. Ọ̀kan gba aṣálẹ̀ dé, èkejì gba orí òkun. Ó tó ẹgbẹ̀rún méjì ọdún tí àwọn méjèèjì ti pínyà kí wọ́n tó padà pàdé lórí tábìlì rẹ̀.

Bébà gan-an, èyí tí kì í ṣe papyrus, ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà ló ti wá. Cai Lun, òṣìṣẹ́ ààfin, ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn ní ọdún 105. Ní ọ̀rúndún kẹjọ ó dé ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí ní Samarkand, láti ibẹ̀ ó dé Bàgìdádì, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 762. Bébà kò wọ́n bí awọ, bẹ́ẹ̀ ni kò gbẹ́kẹ̀ lé koríko odò kan ṣoṣo, ìwé sì pọ̀ ní Bàgìdádì bí ẹ̀wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti túmọ̀ ìwé àwọn Gíríìkì sí Lárúbáwá. Ibẹ̀ ni al-Khwarizmi ti kọ ìwé ìṣirò tó fún wa ní ọ̀rọ̀ náà algebra. Orúkọ òun fúnra rẹ̀ ló di algorithm tí àwọn ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ń fi ṣakọ sí wa. Ìgbà yìí ni ìwé tí mo kà fún àwọn ọmọ yẹn fò bí ẹni fo gọ́tà.

Àwa kò sì jìnnà sí i. Wákàtí wá láti inú waqt, àlàáfíà láti inú al-ʿāfiya, àlùbáríkà láti inú al-baraka. Àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ wa, al-baṣal ni kó tó di albasa lẹ́nu Haúsá. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló so ìmàle mọ́ Málì, ilẹ̀ tí ọba rẹ̀, Mansa Musa, gba Káírò kọjá lọ sí Mẹ́kà ní 1324 pẹ̀lú wúrà tí ẹnu kò lè sọ tán. Ní àsìkò tí àwọn ìwé Òyìnbó pè ní ìgbà òkùnkùn àti ìgbà àárín, láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn alágbẹ̀dẹ Ilé-Ifẹ̀ ń da bàbà àti idẹ sí ojú ènìyàn tó jẹ́ pé èémí nìkan ló kù kó mí, wọ́n sì ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ dígí fúnra wọn. Ta ló wà nínú òkùnkùn?

Owó tó wá láti Òkun Íńdíà

Mo fẹ́ kí ẹ mú ọ̀rọ̀ owó ẹyọ yìí dáadáa, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn ọmọbìnrin yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í le.

Ibi tí owó ẹyọ tí àwọn baba wa ná ti pọ̀ jù ni àwọn erékùṣù Maldives, nínú Òkun Íńdíà, lọ́hùn-ún. Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ará Mòrókò, ṣe adájọ́ níbẹ̀ ní 1343 sí 1344, ó sì rí bí wọ́n ṣe ń kó o jáde látinú omi. Nígbà tó dé Málì ní 1352, ó tún bá a níbẹ̀, wọ́n ń ná an. Ẹ wo bí ọ̀nà ti jìn tó. Nígbà tí Vasco da Gama yí etí Áfíríkà po dé Íńdíà ní 1498, àwọn Pọtogí, lẹ́yìn wọn àwọn Dúṣì àti Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í kó o sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń gbé e wá sí etíkun wa. Ohun tó jẹ́ ẹrù ìsàlẹ̀ ọkọ̀ lásán fún wọn, owó ni fún wa.

Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ òǹkà Yorùbá ní ọdún kejì yóò rí ipa rẹ̀. Ogójì owó ni wọ́n ń sin sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn di ẹgbàá, ìyẹn igba lọ́nà mẹ́wàá, 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá wọ inú àpò kan, ó di ọ̀kẹ́ kan, 20,000. Ọ̀kẹ́ gan-an, àpò ni. Adolphus Mann, òjíṣẹ́ CMS, ti kọ ọ́ ní 1887 pé ọ̀nà tí a ń gbà ṣa owó ẹyọ jọ lórí ilẹ̀ ló wà nídìí ọ̀nà tí a ń gbà kà á. Èyí túmọ̀ sí pé nígbà tí ẹ bá pe "ẹgbàá", ìkarahun Maldives ń dún lẹ́nu yín.

Ìrìn Columbus ní 1492 náà dé inú ìkòkò wa. Àgbàdo, gbáàgúdá, ata wẹ́wẹ́, tòmátò, gbogbo wọn ará Amẹ́ríkà ni. Ẹ yọ gbáàgúdá kúrò lẹ́nu ará Yewa, kí ẹ wo bóyá ẹ máa rí láfún jẹ. (Àwọn ọmọ ìlú mìíràn nínú kíláàsì wa ti béèrè lọ́wọ́ mi rí bóyá "Ẹ̀gbádò", orúkọ tí wọ́n ń pè wá kí a tó gba Yewa ní 1995, àti "àgbàdo" jọ jẹ́ ẹbí. Rárá o. Ẹ lọ tún ohùn yín ṣe.)

Gutenberg tẹ Bíbélì rẹ̀ ní nǹkan bí 1455, Luther ta ko póòpù ní 1517, wọ́n pe Galileo lẹ́jọ́ ní 1633 torí ó ní ayé ló ń yí oòrùn ká, Newton gbé ìwé ńlá rẹ̀ jáde ní 1687. Ẹ há ìyẹn sórí, wọ́n máa ń béèrè rẹ̀.

Ọ̀làjú

Àwọn Faransé pe ọ̀rúndún kejìdínlógún ní Lumières, ìmọ́lẹ̀. Àwọn ará Jámánì pè é ní Aufklärung, mímú nǹkan mọ́ kedere. Nígbà tí àwa máa wá ọ̀rọ̀ fún un, a kò mú ìmọ́lẹ̀, ojú la mú: la ojú, ọ̀làjú. Nínú tiwọn, ohun kan láti ìta ló mọ́lẹ̀. Nínú tiwa, ẹ̀yà ara ẹni náà ló ṣí, ó sì lè jẹ́ ìrìn-àjò, òwò tàbí ìwé ló là á. Mo fẹ́ràn tiwa jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ojú rẹ̀ là gbọ́dọ̀ rí ohun tó wà níwájú rẹ̀, bó dùn bí kò dùn.

Mo jókòó ti ọdún mẹ́rin péré. Mo kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Yúróòpù sí apá ọ̀tún, mo kọ ti ọ̀dọ̀ wa sí apá òsì.

1727: Newton kú ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sin ín bí ọba, Voltaire sì wà ní ìlú náà. Lọ́dún yẹn kan náà, Agaja ọba Dàhọ̀mì gba Ouidah, ó sì di ẹni tó bá àwọn ọkọ̀ Òyìnbó dúnàádúrà lójúkojú.

1748: Montesquieu gbé ìwé rẹ̀ lórí òfin jáde, níbi tó ti ní kí agbára má ṣe wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Lọ́dún yẹn, Dàhọ̀mì tún gbà láti máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́. Ní Ọ̀yọ́ ọ̀hún, Ọ̀yọ́ Mèsì wà tó lè sọ fún Aláàfin pé ó tó gẹ́ẹ́, kó sì di dandan kó kú. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, Gáà di Baṣọ̀run, ó gba agbára tí wọ́n fi ń kó ọba níjàánu, ó sọ ọ́ di tirẹ̀ títí di 1774. Bí Montesquieu bá gbọ́ ìtàn yẹn, ì bá fi orí kan kún ìwé rẹ̀.

1784: Kant kọ àròkọ rẹ̀ láti dáhùn ìbéèrè pé kí ni ọ̀làjú. Lọ́dún yẹn, àwọn ọmọ-ogun Dàhọ̀mì, pẹ̀lú àṣẹ Ọ̀yọ́, run Àgbádárìgì.

1789: Àwọn ará Paris fọ́ ẹ̀wọ̀n Bastille, wọ́n sì kéde ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Lọ́dún yẹn, Dàhọ̀mì kọ lu Kétu. Ní àsìkò yẹn náà ni Aláàfin Abíọ́dún wàjà.

Ìdáhùn wà láàárín ìlà méjèèjì yìí. Abíọ́dún tó jọba lẹ́yìn Gáà fẹ́ ọ̀nà tí yóò dé òkun láìgba ilẹ̀ Dàhọ̀mì. Ẹ wo máàpù: igbó kìjikìji dí apá ìlà-oòrùn, ṣùgbọ́n ní ọ̀dọ̀ wa, ilẹ̀ ọ̀dàn sún mọ́ òkun, ẹṣin sì lè rìn níbẹ̀. Ilẹ̀ wa ló wá di ọ̀nà. Láti Ọ̀yọ́ Ilé, ó gba Ìjànà àti Ìlaròó, ó dé Àjàṣẹ́ tí àwọn Pọtogí ń pè ní Porto-Novo, ó sì tún dé Àgbádárìgì. Ọ̀yọ́ ní àwọn aṣojú rẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Nígbà tí Clapperton àti ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ Richard Lander gúnlẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1825, ọ̀nà yìí gan-an ni wọ́n gbà dé Ọ̀yọ́.

Iyọ̀, aṣọ àti owó ẹyọ ló ń gòkè wá lórí rẹ̀. Ohun tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ, ènìyàn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nínú nǹkan bí mílíọ̀nù 12.5 ènìyàn tí wọ́n kó sọdá Àtìláńtíìkì láàárín ọ̀rúndún mẹ́rin, mílíọ̀nù 10.7 ló gúnlẹ̀ láàyè. Àwọn kan nínú wọn fi ẹsẹ̀ ara wọn tẹ erùpẹ̀ tí à ń tẹ̀ lọ sọ́jà.

Mo bi ìyá mi àgbà bóyá wọ́n sọ nǹkan kan nípa ọ̀nà yẹn fún wọn rí. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀gúsí lọ.

"Wọ́n sọ fún wa pé oníbodè máa ń gbowó," ni wọ́n wí. "Wọn ò sọ ẹni tó ń kọjá fún wa."

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Ó rọrùn láti fi Yúróòpù ṣe ẹlẹ́bi nínú àròkọ bí èyí, ẹ̀bi sì wà lọ́rùn wọn lóòótọ́. John Locke tó kọ̀wé nípa òmìnira fi owó sínú ilé-iṣẹ́ Royal African Company tó ń ta ènìyàn. Ìwé-ìmọ̀ ńlá tí Diderot àti d'Alembert gbé jáde láàárín 1751 sí 1772 ní àkọsílẹ̀ Jaucourt nínú tó bu ẹnu àtẹ́ lu òwò ẹrú, síbẹ̀ ṣúgà tí àwọn tó ń kà á ń dà sínú kọfí wọn, ẹrú ló gé ìrèké rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìwé yẹn bá lè gbójú lé wọn lọ́wọ́, àwa náà kò gbọdọ̀ kọ ìtàn tí a óò fi jẹ́ ẹni tí wọ́n jí gbé nìkan. Àwọn kan nínú wa ni wọ́n jí gbé. Àwọn kan ni wọ́n mú wọn, àwọn kan ni wọ́n tà wọ́n, àwọn kan sì jókòó lẹ́nu bodè tí wọ́n ń ka owó ẹyọ lọ́kọ̀ọ̀kan ọ̀kẹ́.

Àwọn tí wọ́n kó lọ kò pàdánù èdè wọn tán. Ànàgó, orúkọ tí àwọn ará ìhà Ìpókíá ń jẹ́ títí dòní, ni àwọn Fọ̀n fi ń pe gbogbo Yorùbá. Nagô ló dà ní Bràsíìlì, Nago sì ni ní Háítì, níbi tí àwọn ẹrú ti dìde ní 1791 tí wọ́n sì gba òmìnira ní 1804. Ní Bahia, àwọn elésìn Candomblé kan ṣì ń pe ara wọn ní Kétu. Nígbà tí àwọn ará Paris ń jiyàn bóyá ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kan ẹni dúdú, àwọn ará Saint-Domingue ti fi àdá dáhùn, àwọn tó ń jẹ́ Nago sì wà láàárín wọn.

Ọ̀yọ́ wó. Ìjànà fọ́ ní àwọn ọdún 1830. Ajàyí, ọmọ Òṣoogùn tí wọ́n kó ní 1821, bọ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú ní 1822, ó kàwé ní Sàró, ó sì di Samuel Crowther. Ìwé gírámà Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843. Lẹ́tà tó lò nìyẹn, lẹ́tà Fòníṣíà tí àwọn Gíríìkì fi fáwẹ̀lì sí. Ẹrú àná ló fi wọ́n kọ èdè tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Ọmọ àbúrò ìyá mi ní Kétu

Dàhọ̀mì run Kétu ní 1886. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ní August 10, 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé ààlà. Kétu bọ́ sọ́hùn-ún, Ìmẹ̀kọ bọ́ síhìn-ín, ẹbí mi sì bọ́ sí méjèèjì. Ọmọ àbúrò ìyá mi kan wà ní Kétu tí a jọ ń wí ara wa lórí WhatsApp. Ó mọ Rousseau, Voltaire àti Diderot bí ẹni mọ àwọn ará àdúgbò, torí ilé-ìwé wọn kọ́ wọn, ní Faransé. Mo bi í pé ta ni Abíọ́dún. Ó bi mí padà pé Abíọ́dún wo, ti kíláàsì wa àbí ti ilé ìtajà?

Àti kíkọ wa kò tún bára mu. Ìpàdé tó fìdí ọ̀nà ìkọ̀wé tiwa múlẹ̀ wáyé ní Èkó ní 1875. Orílẹ̀-èdè Benin ṣe álífábẹ́ẹ̀tì tiwọn ní 1975. Àwa fi àmì sísàlẹ̀ kọ ẹ àti ọ, àwọn ń kọ ɛ àti ɔ. Àwa kọ ṣ, àwọn kọ sh. Bó bá kọ ɔ̀rɛ́ sí mi, mo mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ni, ṣùgbọ́n fóònù mi a fa ìlà pupa sí i lábẹ́.

Mo padà lọ bá àwọn ọmọ yẹn ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo kọ ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn sójú pátákó, mo fa ìlà sí àárín, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, títí kan ti ẹnu bodè. Ariwo kò sí. Ọmọbìnrin yẹn tún nawọ́.

"Àǹtí, àwọn tó gba ibí kọjá yẹn, ṣé wọ́n kọ orúkọ wọn síbì kan?"

Mo sọ òtítọ́ fún un lọ́jọ́ yẹn. Mo ní àwọn oníṣòwò máa ń kọ iye wọn, wọn kì í sábà kọ orúkọ. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó sì fa ìlà sí abẹ́ "iye".

Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì ń ṣa ọ̀rọ̀ àyálò tó wà ní ẹ̀ka-èdè ìhà ààlà jọ báyìí, láti Ìdìrókò títí dé Ìmẹ̀kọ. Ẹni tó bá ní ìyá àgbà tó ṣì ń pe bébà ní tákàdá, tàbí tó gbọ́ ọ̀rọ̀ Faransé kan lọ́jà tí kò yé e, kó gba ohùn wọn sórí fóònù, kó sì bá wa ní yàrá ẹgbẹ́ lẹ́yìn kíláàsì Ọjọ́bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì ohùn sí i.